Ariwo Tó Ṣáájú Ìlù

Ọjọ́ Ajé, 3 Máàṣì 1986

Dókítà ti là á mọ́lẹ̀. Wọn yóò yọ gògóńgò Màmá. Ọjọ́rú tó ṣáájú Àjíǹde ni wọ́n mú. Jẹjẹrẹ ti gba ibẹ̀, bí wọn ò bá sì yọ ọ́, yóò sọ̀ kalẹ̀ sí àyà. Ẹ̀mí á wà, ó ní. Ohùn ni kò ní sí mọ́. Ó sọ ọ́ bí ẹni ń sọ pé bọ́ọ̀sì ti lọ.

Màmá ò sunkún. Ohùn ọ̀hún ti ń lọ láti ìgbà Kérésì, kò ju wúyẹ́wúyẹ́ lọ mọ́. Nínú rélùwéè, bí a ti ń padà sílé, ó fà mí láṣọ, ó fẹnu kò mí létí: "Dell, bá mi wá àwo wa. Jẹ́ kí n gbọ́ ara mi lẹ́ẹ̀kan, kí wọ́n tó gé e."

Àwo orin wọn — èyí tí òun, Arábìnrin Hattie Beasley àti olóògbé Willa Dean kọ ní 1959, nígbà tí ìjọ Òkè Gílíbóà ṣì ń jọ́sìn nínú ṣọ́ọ̀bù kan ní Òpópó Wentworth ní Chicago níbí. "Wọ́n Ti Tẹ́ Tábìlì" lorúkọ orin náà. Ìjọ ló tẹ̀ ẹ́, ìjọ ló ń tà á lẹ́yìn ìsìn. Tiwa fọ́ nígbà tí a kó kúrò ní Òpópó Prairie. Ọmọdé ni mí. Ibì kan ṣoṣo ni mo rántí nínú rẹ̀ — ibi tí Màmá ti di "tẹ́" mú, tí kò fi sílẹ̀, tí àwọn méjì yòókù ń lọ tí wọ́n ń bọ̀ lábẹ́ rẹ̀.

Mo ní màá wá a. Ta ni yóò sọ pé òun ò ní wá a?

Ọjọ́rú, 5 Máàṣì

Ohun tí mi ò lè sọ fún èèyàn, kí n sọ ọ́ fún bébà.

Orin mi ò ní ohùn. "Ilẹ̀kùn Ẹ̀yìn" ni mò ń wí, èyí tí mo ti ń bá jà láti oṣù Kọkànlá. Ẹ̀rọ ìlù ti ṣe tirẹ̀. Ìró ìsàlẹ̀ ń gbọn àwo oúnjẹ nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Dùùrù ti jókòó síbi tó yẹ. Àmọ́ àárín rẹ̀ ṣófo. Mo sì mọ ohun tó yẹ kó wà níbẹ̀: "tẹ́" ti Màmá. Kí n fi ẹ̀rọ gé e kúrò nínú àwo, kí n gbé e sórí dùùrù, kí n máa tẹ̀ ẹ́ lemọ́lemọ́ títí ilé ijó á fi wó. Gbogbo háósì, orin ijó tí à ń ṣe nílùú yìí, inú ṣọ́ọ̀ṣì ló ti wá, ojú ló ń tì wá láti sọ.

Nítorí náà, mò ń wá àwo yìí fún un, mo sì ń wá a fún ara mi. Èwo ló pọ̀ jù? Má bi mí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8 Máàṣì

Mo ti dé gbogbo ṣọ́ọ̀bù àwo tó wà ní Òpópó 47, mo dé ti 79. Ẹsẹ̀ mi ti wú. Bàbá arúgbó kan tó ń jẹ ẹ̀pà lórí káńtà fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

Ó ní, "Àwo ìjọ? Ọmọ yìí, gbogbo ìyá tó wà ní South Side ló ti kọ àwo ìjọ. Àwọ̀ wo ni bébà àárín ẹ̀?"

Mo ní mi ò rántí.

"Ó ń wá ewúrẹ́ tó sọ nù, kò mọ àwọ̀ ẹ̀! Lọ wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ìyá ẹ, jàre."

Ọkùnrin tó ń ṣe ètò orin ìyìn lórí rédíò ní òun rí ọ̀kan rí. Ó ti tó ogún ọdún. Ó ní ohùn obìnrin tó di "tẹ́" mú yẹn, òun ò gbàgbé rẹ̀. Inú mi dùn, inú sì bí mi.

Ọjọ́ Àìkú, 9 Máàṣì

Mo lọ ṣọ́ọ̀ṣì — èmi! Àwọn ìyá fi ojú wò mí láti orí dé bàtà. Mo ká Arábìnrin Hattie mọ́ ẹnu ọ̀nà.

"Tèmi kẹ̀?" ni ó wí. "Ọmọ ọmọ mi kó o lọ sí Milwaukee pẹ̀lú gírámáfóònù mi, ó ta méjèèjì pọ̀. Ọlọ́run á bi í léèrè."

"Ti ìjọ ńkọ́, mà?"

"Ó ti tán. Nígbà tí à ń kúrò ní Wentworth, Rẹfurẹ́ndì Stovall ní kí wọ́n kó o dànù. Ó ní àwọn obìnrin ń gbéra ga." Ó gbọn fìlà rẹ̀. "Kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere. Mi ò sọ pé kó tètè ṣe é o."

Ó ti tán nìyẹn. Ẹni tó kọ orin náà ló sọ pé ó ti tán. Ta ni mo tún fẹ́ bi?

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11 Máàṣì

Èmi àti ọ̀rẹ́ mi Orúnkún lọ sọ́dọ̀ Bàbá Ìkòkò. Havlik lorúkọ rẹ̀, àmọ́ kò sẹ́ni tó ń pè é bẹ́ẹ̀ nínú wa. Ilé iṣẹ́ tó ti ń tẹ àwo wà lẹ́yìn ibi tí wọ́n ti ń pa màlúù tẹ́lẹ̀, òórùn màlúù sì ṣì wà níbẹ̀. Ike tuntun wọ́n, kì í rà á. Àwo àtijọ́ ló ń lọ̀, ló ń yọ́, ló fi ń tẹ tuntun. Bí o bá fẹ́ kí ó tẹ tìrẹ kíákíá, ìwọ fúnra rẹ ni wàá kó àwo dúdú wá fún un. Nísinsìnyí, gbogbo ọmọ tó ń ṣe háósì ní Chicago ló ti di akódọ̀tí. Orin ológun, orin Pólándì, ọ̀rọ̀ ààrẹ — gbogbo rẹ̀ la ti kó sínú ìkòkò, tó jáde tó di ijó.

Kì í sì í yọ bébà àárín wọn kó tó lọ̀ wọ́n. Nítorí náà, àwo wa máa ń ta pàràpàrà, o sì máa ń rí ẹ̀já bébà nínú ike. Orúnkún bínú sí i nípa tiwa tó tẹ̀ lọ́dún tó kọjá.

Bàbá Ìkòkò ní, "Iyọ̀ ọbẹ̀ nìyẹn. Ta ló ń gbọ́ ọ níbi tí ẹ ti ń fò?"

Alonzo Pickett lorúkọ Orúnkún gan-an. Èmi ń ṣe orin, òun ló ń gbé e sí i fún wọn jó nílé ijó ní Sátidé. Orúnkún kan ló máa ń fi jó nígbà tí orí rẹ̀ bá gbóná, ìyẹn la ṣe ń pè é bẹ́ẹ̀. Kò lè dúró de nǹkan kan láyé yìí.

Ọjọ́ Àìkú, 16 Máàṣì

Orúnkún gbé kásẹ́ẹ̀tì "Ilẹ̀kùn Ẹ̀yìn" sí i lánàá láìsọ fún mi. Láìní ohùn! Mo fẹ́ nà án. Àmọ́ mo rí àwọn tó ń jó. Ògiri ń làágùn. Ní ibi tó ṣófo yẹn, àwọn èèyàn fúnra wọn kígbe sí i. Ó dá a padà, ó tún un lò, wọ́n tún kígbe.

Ó ní, "Ohùn wo lo tún ń wá? Tẹ̀ ẹ́ báyìí, kí ẹlòmíì tó jí i."

Mo ní kó fún mi ní ọ̀sẹ̀ méjì. Ó ní ọ̀sẹ̀ méjì ni ọdún méjì nínú iṣẹ́ yìí. Òótọ́ ló sọ, ìyẹn ló sì ń dùn mí.

Ọjọ́ Ajé, 17 Máàṣì

Yìnyín ti yọ́, omi ya wọ yàrá abẹ́ ilẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì. Pásítọ̀ Treadwell — ọmọdé ni, kò tíì pé ọdún tó dé — gbọ́ pé mò ń wá àwo kiri. Ó pè mí níbi iṣẹ́, ní ilé ìfọṣọ òtẹ́ẹ̀lì.

"Arákùnrin Gaithers, àpótí àwo kún ìsàlẹ̀ níbí, gbogbo ẹ̀ ti rẹ. Ẹ wá bá wa kó o, ẹ jọ̀ọ́."

Ọkàn mi fò. Mo sáré dé ibẹ̀ pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn. Mo ṣí ti àkọ́kọ́: ìwàásù Rẹfurẹ́ndì Stovall. Mo ṣí òmíràn: Stovall. Bébà funfun, orúkọ rẹ̀ gàdàgbà. Àpótí ti ń fọ́ lọ́wọ́, omi dé ọrùn ẹsẹ̀, ó ń rùn. Mo wo kìkì òkè òkè. Hattie ti sọ pé wọ́n ti kó tiwọn dànù.

Orúnkún dé pẹ̀lú ọkọ̀ àbúrò bàbá rẹ̀. Ó ní, "Ìwọ, ṣé o rí ohun tí mo rí? Ìkòkò!" Lóòótọ́, kò sẹ́ni tó tíì kó àwo tó pọ̀ tó yìí lọ bá Bàbá Ìkòkò rí. A rẹ́rìn-ín títí. Stovall tó ní ijó ń kó èèyàn lọ sí ọ̀run àpáàdì — òun náà yóò wá jó ní Sátidé! Díákónì Purnell, tó ti ń tọ́jú ẹrù ìjọ láti ọjọ́ pípẹ́, ì bá wà níbẹ̀, ì bá ti fi ìtàn dá wa dúró títí di ìrọ̀lẹ́, àmọ́ àyà ń dùn ún, ó wà nílé. Mo dúpẹ́ pé kò sí níbẹ̀.

Bàbá Ìkòkò wo ẹrù wa, ó súfèé. Ó ní tiwa ló kàn. Mo gbà kó tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀, láìní ohùn.

Ọjọ́bọ̀, 20 Máàṣì

Mo pe ṣọ́ọ̀bù àwo ní Gary: kò sí. Detroit: kò sí. Màmá ò bi mí mọ́. Ọwọ́ mi ló máa ń wò bí mo bá wọlé.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 25 Máàṣì

Ọ̀la ni.

Mo sọ fún un pé mi ò rí i. Ó fi ọwọ́ pa mí lórí bí ìgbà tí mo wà lọ́mọdé, ìyẹn ló burú jù. Ó ní kí n tẹ orin náà lórí dùùrù. Mo tẹ̀ ẹ́. Mo wá ibi "tẹ́" yẹn, mo wá a tì. Ó mi orí. Ó la ẹnu láti fi hàn mí — afẹ́fẹ́ ló jáde. Ó tún gbìyànjú. A jókòó síbẹ̀, àwa méjèèjì, ẹ̀fọ́ sì jóná.

Ọjọ́rú, 26 Máàṣì

Kí wọ́n tó tì í wọ yàrá iṣẹ́ abẹ, ó ní, "Ṣé o ti ilẹ̀kùn ilé?" Mo ní mo tì í. Ìyẹn ló fi ohùn rẹ̀ sọ kẹ́yìn.

Ọjọ́ Ẹtì, 28 Máàṣì

Àwo dé. Wọ́n gbé wọn dúró sí ẹnu ọ̀nà Orúnkún nínú páálí, wọ́n ṣì ń rùn. Orúkọ mi wà lára wọn: Wendell Gaithers ló kọ ọ́, òun ló ṣe é. Mo fi ìka tọ ọ́. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń lá àlá ọjọ́ yìí, mo sì rò pé inú mi yóò dùn ju báyìí lọ.

Ariwo rẹ̀ pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Kí ìlù tó wọlé, pàràpàrà, ṣààà. Ẹ̀já bébà wà káàkiri nínú ike, funfun ti Stovall, búlúù díẹ̀díẹ̀, mi ò mọ ti ta ni. Iyọ̀ ọbẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú, 30 Máàṣì. Àjíǹde

Láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi, Màmá ló ń dá orin Àjíǹde ní Òkè Gílíbóà. Lónìí ọmọbìnrin kan dá a. Ó gbìyànjú. Mo jáde kó tó parí.

Ní ilé ijó lánàá, àwo mi ni wọ́n lò títí. Wọ́n ń gbé mi sókè. Wọ́n ń pe orúkọ mi. Mo sá lọ sínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀, mo sunkún.

Ọjọ́bọ̀, 3 Épírì

Mo gbé àwo náà lọ fún un ní ọsibítù. Mo kàn fa ọ̀kan yọ. Kí ó ṣáà rí orúkọ mi ni.

Ọrùn rẹ̀ — mi ò ní kọ ọ́. Síléètì ọmọdé ni wọ́n fún un, ó ń fi ẹfun kọ̀wé. Ó kọ pé oúnjẹ wọn ò ní iyọ̀. Mo rẹ́rìn-ín. Mo gbé àwo fún un, ó ka orúkọ mi, ó fi ẹnu kò ó. Lẹ́yìn náà ó gbé e sókè sí ojú fèrèsé, ó ń yí i. Ìka rẹ̀ dúró lórí kókó kan nítòsí àárín. Ó fa gíláàsì ojú rẹ̀ wọ̀. Ó wò ó títí.

Ó na àwo sí mi. Ẹ̀já bébà búlúù, ó wà lábẹ́ ike, lẹ́tà fàdákà mẹ́ta lára rẹ̀: Z, E, L.

Ozella. Orúkọ ìyá mi.

Ó fa síléètì mọ́ra. Ó kọ ọ́ pé: BÚLÚÙ WA. ÈMI NI MO MÚ ÀWỌ̀ YẸN. Ó nù ún. Ó tún kọ: O TI RÍ I!

Ó fi ọwọ́ méjèèjì di ojú mi mú. Ó rò pé mo ti rí àwo wọn ni, pé mo gé orúkọ rẹ̀ níbẹ̀, mo fi ṣe ọ̀ṣọ́ sínú tèmi láti yẹ́ ẹ sí. Ó pe nọ́ọ̀sì, ó fi hàn án. Nọ́ọ̀sì ní, "Ìyá, ọmọ yín yìí dára o! Tèmi kì í tilẹ̀ pè mí." Màmá ń rẹ́rìn-ín láìsí ìró kankan. Ó kọ ọ́: GBÉ E WÁ. MÀÁ GBỌ́ Ọ BÍ MO BÁ DÉLÉ.

Kí ni mo wí? Mo ní, "Ó dáa, Màmá."

Ọjọ́ Ẹtì, 4 Épírì

Mo wá lọ sí ilé Díákónì Purnell. Ó dùbúlẹ̀, bùláńkẹ́ẹ̀tì dé àgbọ̀n. Mo bi í ní ohun tó yẹ kí n ti bi í lóṣù tó kọjá.

Ó ní, "Àwo àwọn ọmọbìnrin yẹn? Rẹfurẹ́ndì ní kí n kó o dànù. Ta ló máa kó irú ohùn yẹn dànù? Mo kó wọn sísàlẹ̀ àpótí, mo kó ìwàásù tiẹ̀ lé wọn lórí. Mo mọ̀ ọ́n, kò ní wo abẹ́ ara ẹ̀ láé." Ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń wúkọ́. "Wọ́n wà ní abẹ́ ilẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì. Ìyá ẹ ló fẹ́ gbọ́ ọ, àbí? Bí ara mi bá yá díẹ̀, èmi fúnra mi á bá ẹ gbé e."

Mi ò lè sọ fún un. Mo bu omi fún un mu, mo jáde.

Òwe kan wà tó bá mi wí gan-an, tí gbogbo ayé mọ̀. Mi ò ní kọ ọ́ síbí. Ojú ń tì mí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 5 Épírì

Bàbá Ìkòkò. Mo fi ọwọ́ tú òkìtì rẹ̀ láàárọ̀ yìí títí ìka mi fi ń ṣẹ̀jẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́. Mo ní ẹyọ kan ṣoṣo ni mo fẹ́, kódà kó ti là.

"Ẹrù yín kọ́ ni mo fi tẹ tiyín ni?" ni ó wí. "Gbogbo ẹ̀ ti tán pátápátá. Wọ́n ti tà á tán ní gbogbo ṣọ́ọ̀bù, ẹ ò gbọ́ ni? Mo fẹ́ tẹ òmíràn. Ṣé irú ẹrù yẹn ṣì wà ní ṣọ́ọ̀ṣì yín?"

Mo di ọrùn aṣọ rẹ̀ mú. Orúnkún ló fà mí kúrò. Ó ní kí ni mo ń ṣe, ọkùnrin kan láti Lọ́ńdọ̀nù ti pè é lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n fẹ́ "Ilẹ̀kùn Ẹ̀yìn" lọ́hùn-ún, wọ́n fẹ́ èyí tí mo bá tún ṣe. Ó ní, "Dell, ayé wa ti dé!" Mo sọ ohun tó wà nínú àwo náà fún un. Ó jókòó sórí páálí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8 Épírì

Màmá dé ilé. Kó tó bọ́ kóòtù, ó ti nu gírámáfóònù.

Ọjọ́rú, 9 Épírì

Mo ní abẹ́rẹ́ rẹ̀ ti kú, pé màá ra òmíràn. Irọ́ ni. Ó ń fi sùúrù dúró dè mí nínú àga rẹ̀, aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì ló wọ̀.

Ọjọ́bọ̀, 10 Épírì

Mo sọ fún un láàárọ̀ yìí, nígbà tí nọ́ọ̀sì tó ń wá nu ọrùn rẹ̀ ti lọ. Mo sọ gbogbo rẹ̀, láti orí omi inú yàrá abẹ́ ilẹ̀ títí dé orí ìkòkò. Mi ò fi Hattie bojú, mi ò fi Pásítọ̀ bojú. Mo ní, "Màmá, èmi ni mo gbé e lọ. Mo wo òkè òkè, mi ò wo ìsàlẹ̀. Mò ń kánjú nítorí àwo tèmi."

Mo rò pé yóò ju síléètì lù mí. Ì bá dára bẹ́ẹ̀. Ẹfun ló gbé, ó kọ ọ́: GBOGBO Ẹ̀?

Mo ní, "Gbogbo ẹ̀."

Ó nu síléètì. Ó gbé e sórí ẹsẹ̀, ó ń wo ògiri. Mo kúnlẹ̀ síbẹ̀. Nígbà tó yá, ó tún kọ ọ́: GBÉ TÌRẸ SÍ I.

Mo gbé e sí i. Abẹ́rẹ́ balẹ̀. Pàràpàrà, ṣààà, bí ẹni ń dín ẹja ní yàrá kejì. Mi ò mọ ohun tó gbé e wá sí mi lẹ́nu, mo ṣáà ní, "Ẹ̀yin nìyẹn, Màmá. Èyí tó ṣáájú ìlù yẹn. Ẹ̀yin mẹ́ta ni."

Ìlù wọlé, ìlù mi, ó gbọn ilé. Màmá na ọwọ́, ó gbé abẹ́rẹ́ kúrò. Ó dá a padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Ó fi etí lé sípíkà. Nígbà tí ìlù ku díẹ̀ kó wọlé, ó tún gbé e. Ó tún dá a padà.

Fóònù ti dún, Orúnkún ni, mo sì mọ ohun tó fẹ́ sọ. Mi ò gbé e. Mo wà ní ilé ìdáná, mò ń kọ èyí, mò ń gbọ́ ọ láti pálọ̀. Oúnjẹ rẹ̀ ti tutù. Kò tíì dìde níbẹ̀ láti àárọ̀, kò sì jẹ́ kí ìlù wọlé.